Àpò Tí Kò Ní Síìpù

Nígbà tí ìyàwó Fùláwà sọ fún un pé òun ti lóyún, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọkùnrin náà ni pé, "Báwo ni màá ṣe máa wọ ìlédìí fún un?"

Ìyàwó rẹ̀ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúpẹ́ ná." Wọ́n dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìlédìí ò kúrò lọ́kàn Fùláwà láti ọjọ́ yẹn.

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan náà lèmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà. Àwa la sọ ọ́ ní Fùláwà, torí kò sígbà tẹ́ ẹ máa rí i tí irun ojú rẹ̀ ò ní funfun báláú. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun nígbà yẹn. Kó tó gbéyàwó ni ẹ̀rọ náà fà á lọ́wọ́ òsì, tó sì gé e nísàlẹ̀ ìgbúnwọ́. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn, torí òun alára kì í pẹ́ lórí ẹ̀. Tí àjèjì bá bi í, á ní, "Mo yá ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ ni, kò dá a padà." Nígbà tára rẹ̀ yá, ọ̀gá wa gbé e sídìí ààrò. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún di igi pátákó gígùn tá a fi ń ti búrẹ́dì sínú iná mú, ó sì ń fi kùkùté apá òsì gbé ìdí igi náà ró. Láàárín oṣù díẹ̀, ẹni tí kò bá tẹjú mọ́ ọn ò lè mọ̀ pé ohunkóhun dín lára rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin. Bí àwọn méjèèjì ṣe ṣètò ìtọ́jú ọmọ láàárín ara wọn nìyí: iṣẹ́ búrẹ́dì máa ń bẹ̀rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, ó sì máa ń parí nígbà táwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nílé. Tí ìsinmi ìbímọ bá ti tán, bí ọkọ bá ti ń wọlé ni ìyàwó á máa jáde, ọkọ á sì wà pẹ̀lú ọmọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ètò tó dáa ni, lójú àwọn méjèèjì.

Kò dáa lójú ìyá ìyàwó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá náà, ohùn rẹ̀ ṣì máa ń dún bí ẹni tó ń bá kíláàsì sọ̀rọ̀. Ó wá kí wọn nígbà tí oyún ti yọ dáadáa, ó jókòó, ó mu omi, ó wá ní, "Ọkọ ọmọ mi, ẹ má bínú sí mi o. Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dórí. Bí ìsinmi ọmọ mi bá ti parí, ẹ jẹ́ kí n gbé ọmọ sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀yin á máa wá wò ó nígbà tí ààyè bá yọ."

Fùláwà ní, "Màmá, èmi kì í kúkú gbẹ́rù lórí. Búrẹ́dì ni mò ń yan."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kejì tó dé ibi iṣẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Nígbà tá a ti kó búrẹ́dì ìpele àkọ́kọ́ jáde, ó dúró síwájú tábìlì, ó ní, "Ẹ bá mi wọn ìyẹ̀fun tá a ti pò. Kó wúwo tó ọmọ tuntun."

A wò ó. Àgbà Ààrò, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, bi í pé, "Ṣé o fẹ́ gbé e pọ̀n ni?"

"Mo fẹ́ wọ ìlédìí fún un ni, Bàbá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A wọn ọmọ fún un. Àgbà Ààrò ní ọmọ tí kò lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ọmọ, ó fa ẹsẹ̀ méjì yọ lára rẹ̀, ó sì tẹ ìdodo sí i láàárín. Fùláwà ti ra ìlédìí, àwọn tó ń lẹ̀ mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní píìnì. Ó tẹ́ ọ̀kan, ó fi kùkùté apá gbé ẹsẹ̀ ọmọ ìyẹ̀fun sókè, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ti ìlédìí sábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan gùn títí ó fi já. Ẹ̀rín pa wá. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká lẹ ẹsẹ̀ padà. Ó tún un ṣe. Nígbà tó dé orí ibi tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, ó fi kùkùté tẹ iwájú ìlédìí mọ́ ikùn ọmọ, ó fi ọwọ́ fa etí ọ̀tún wá, lẹ́yìn náà ti òsì, ó lẹ̀ wọ́n. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó lọ wo iná. Kò rántí pé ìwúkàrà wà nínú ọmọ náà. Nígbà tó máa fi padà, ọmọ ti wú, ó ti wú, ìlédìí ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

"Ọmọ yìí mà ń jẹun o!" ni Àgbà Ààrò wí. Ìgbà yẹn ni Fùláwà náà tó rẹ́rìn-ín.

Ojoojúmọ́ ló ń ṣe é lẹ́yìn ìyẹn, títí tẹ́nikẹ́ni ò fi wò ó mọ́. Ibẹ̀ ló ti mọ ohun tó máa dà á láàmú. Wíwọ ìlédìí kọ́ ni. Ohun tó wà ní àyíká rẹ̀ ni. Ìlédìí máa ń wá ní kíká, ọwọ́ méjì ni wọ́n sì fi ń ṣí i. Bébà tútù tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ wà nínú ọ̀rá tó lẹ̀ típẹ́típẹ́, tó bá sì fa ọ̀kan, gbogbo ọ̀rá ló ń tẹ̀ lé e jáde. Ìpara wà nínú ike tó ní ìdérí yíyí. Ọ̀rá tí wọ́n ń ju ìlédìí ìdọ̀tí sí, ẹnu rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ bí ẹnu ẹni tó ń bínú. Ẹni tó ṣe àwọn nǹkan yìí ò rò ó rí pé ẹnì kan lè fẹ́ fi ọwọ́ kan lò wọ́n.

Torí náà ó pinnu pé gbogbo ohun tó bá gba ọwọ́ méjì, kí ọmọ tó dọ́wọ́ òun lòun máa ti ṣe é.

Ó lọ bá káfíńtà tó wà ní òpópónà kejì. Ó fẹ́ tábìlì tó ga dé àyà òun, tó ní etí lọ́nà mẹ́ta kí ọmọ má bàa yí bọ́, kí pẹpẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ìkọ́ wà lábẹ́ pẹpẹ. Káfíńtà náà ní, "Ọ̀gá, ṣé tábìlì lẹ fẹ́ ni àbí ọkọ̀ ojú omi?" Ṣùgbọ́n ó kàn án dáadáa, ó fi ìwé tó rí sákásáká họ gbogbo igun rẹ̀ títí tó fi ń dán. Fùláwà tẹ́ fóòmù sí i, ó fi ọ̀rá bò ó, ó tẹ́ aṣọ lé e. Ó ṣí àwọn ìlédìí sílẹ̀, ó tò wọ́n lórí ara wọn pẹ̀lú ẹ̀yìn wọn nísàlẹ̀, bí ẹní ń to àwo. Ó tú bébà tútù dà sínú ike ọlọ́mọrí tó ṣeé fi àtàǹpàkò ṣí. Ó bu ìpara sínú agolo pẹlẹbẹ. Ó fi àwọn ọ̀rá kọ́ sórí ìkọ́ pẹ̀lú ẹnu yíyà. Aṣọ ọmọ tí bọ́tìnì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó kó gbogbo wọn fún àbúrò ìyàwó rẹ̀ tóun náà lóyún. Ó ní kí wọ́n má ra ohunkóhun tí kò bá ṣí láti iwájú.

Ìyàwó rẹ̀ á jókòó sórí ibùsùn, á gbé ẹsẹ̀ wíwú lé ìrọ̀rí, á máa wò ó bó ṣe ń di ojú, tó ń na ọwọ́ sí pẹpẹ láìwo ibẹ̀.

"Kí lẹ ń wá?"

"Mi ò wá nǹkan kan. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi mọ̀nà ni. Ojú mi, ara ọmọ ló máa wà."

Ó ku àpò tí wọ́n máa máa gbé jáde. Ó lọ sọ́dọ̀ ìyá aránṣọ kan tó ń rán báàgì ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ìyá náà ti gbé àpò rẹpẹtẹ sílẹ̀ fún un, èyí tó ní síìpù níwájú, èyí tó ní síìpù lẹ́yìn, èyí tí àpò kékeré pọ̀ lára rẹ̀ bí ilé oyin.

Fùláwà ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Mi ò fẹ́ síìpù."

"Àpò ọmọ wo ni ò ní síìpù? Ṣé kí nǹkan máa já bọ́ lójú títì ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀kan kọ́ èjìká, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ kan ṣoṣo ṣí i."

Ìyá aránṣọ gbé e kọ́. Ó fa síìpù. Àpò tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ wá síwájú. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Àpò yí lọ sẹ́yìn. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀. "Ó ń bá mi jà."

"Bó ṣe máa ń bá mi jà nìyẹn."

Ìyá náà jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fi tutù. Ó ki wáyà bọ ẹnu àpò kó lè máa dúró yíyà gbagada, ó fi páálí líle sí ìsàlẹ̀ kó lè dá dúró nílẹ̀. Dípò síìpù, ó rán ìbòrí sí i, ó sì ki irin tín-ín-rín sí etí ìbòrí náà kó lè máa wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bi í pé àpò kékeré mélòó lòun máa rán sínú rẹ̀. Fùláwà ní kò sí. Ó ní kí gbogbo nǹkan dúró ní òòró nínú rẹ̀ bíi búrẹ́dì nínú páálí, kóun lè máa rí orí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ìyá aránṣọ tún rán aṣọ kan fún un tó máa ń bọ̀ sọ́rùn bí ẹ̀wù, tó lè gbé ọmọ sí láyà láìsí pé ó ń so nǹkan kan.

Obìnrin ni wọ́n bí. Ó kéré, ó pupa, ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e délé, ìyá ìyàwó ti wà níbẹ̀, ó ti gbálẹ̀, ó ti se oúnjẹ. Ọmọ yàgbẹ́. Fùláwà ní, "Ẹ gbé e fún mi." Ó gbé e lọ síwájú tábìlì. Màmá tẹ̀ lé e, ó ká ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà, ó dúró.

Ọmọ kì í ṣe ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun kì í ta ẹsẹ̀. Kì í sunkún sí ọ létí. Bí Fùláwà ṣe fi kùkùté gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ọmọ fi gìgísẹ̀ gbá a, ẹsẹ̀ yọ̀ bọ́ sílẹ̀ sínú ìgbẹ́. Ó nù ún, ó tún gbé e. Ọmọ yí ìdí. Fùláwà rò pé ó fẹ́ já bọ́, ó ju bébà tútù sílẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ọmọ mú. Ìgbẹ́ ti dé apá rẹ̀, ó ti dé aṣọ, ó ti dé etí tábìlì tí káfíńtà họ.

Màmá na ọwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é."

"Ọmọ ń sunkún."

"Mo gbọ́ ọ. Mo ti fẹ́ ṣe tán."

Kò tíì fẹ́ ṣe tán o. Òógùn bò ó. Nígbà tó parí, tó gbé ọmọ dìde tayọ̀tayọ̀, ìlédìí rọra yọ́ wálẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ, ó bọ́ sílẹ̀. Màmá gba ọmọ, ó tún un ṣe ní wéré, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Fùláwà sọ fún mi pé ká ní ó sọ̀rọ̀ ni, ì bá sàn.

Kò jáwọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ti wà nílé, òun ló ń ṣe é. Ó ń dáa sí i, ṣùgbọ́n kò dáa tó. Orí tábìlì yẹn, ẹ̀rù ìṣubú ò fi í sílẹ̀. Bí ọmọ bá ti mira, á jáwọ́ nínú iṣẹ́, á dì í mú, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìsinmi ìyàwó rẹ̀ sì ń lọ sópin. Màmá, tó lọ sílé tó tún padà, gbé àpótí ẹrù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ní, "Màá wà níbí lọ́sẹ̀ tí ọmọ mi máa kọ́kọ́ padà síbi iṣẹ́. Màá jókòó, màá máa wò. Tí mo bá rí i pé kò ṣeé ṣe, ọkọ ọmọ mi, ẹ máa jẹ́ kí n gbé ọmọọmọ mi lọ."

Fùláwà ní, "Ẹ máa jókòó lóòótọ́?"

"Mo lè jókòó. Mo ti wo àwọn ọmọ tó ń ṣi ìṣirò ṣe lórí pátákó láìsọ̀rọ̀ rí."

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni abẹ́rẹ́ ọmọ bọ́ sí. Fùláwà to àpò rẹ̀: ìlédìí tó ti ṣí sílẹ̀, ike bébà tútù, agolo ìpara, ẹní kékeré, aṣọ ìpààrọ̀, ọ̀rá. Ó bọ aṣọ ìgbọ́mọ sọ́rùn, ó gbé ọmọ sí i, ó gbé àpò kọ́. Màmá wọ bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é, kò sì sẹ́ni tó ní kó má wá.

Ilé ìtọ́jú kún dẹ́nu. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ìyá, Fùláwà nìkan ni ọkùnrin. Wọn ò tíì pe nọ́ńbà wọn nígbà tí ọmọ rọ́jú, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ohun kan sì dún lábẹ́ rẹ̀ débi pé obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yíjú wò. Nígbà tí Fùláwà máa fi yọ ọ́, ìgbẹ́ ti gòkè dé ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó bi nọ́ọ̀sì ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìlédìí. Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí yàrá kan. Páálí òògùn ló kún inú rẹ̀ dókè. Ó padà sídìí bẹ́ǹṣì, ó wò ó: tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò fẹ̀ ju búrẹ́dì kan lọ. Obìnrin ẹgbẹ́ wọn ní, "Bàbá ọmọ, ẹ gbé e wá, kí n bá yín ṣe é." Òmíràn náà dìde. Màmá pẹ̀lú ti gbé ìdí sókè díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Fùláwà ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú ná."

Ó wo bẹ́ǹṣì. Ó wo ilẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì yà wọ́n. Ó tẹ́ ẹní sáàárín, ó gbé ọmọ lé e, orí ọmọ síbi eékún rẹ̀, ìdí ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Àpò dúró lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu yíyà.

Ọmọ yí sí òsì, ó bá itan pàdé. Ó yí sí ọ̀tún, ó bá itan pàdé. Fùláwà rọra fún eékún mọ́ ọn, ọmọ dúró jẹ́ẹ́, ó ń wo iná tó wà lókè àjà. Ó fi kùkùté gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ta á, ẹsẹ̀ yọ̀, kò sì ṣe nǹkan kan, torí ibi tó máa já bọ́ sí ò sí. Ilẹ̀ kúkú ló wà tẹ́lẹ̀. Ó tún gbé e. Ó nù ún láti ẹ̀yìn dé ìdí, ó ju bébà sínú ọ̀rá, ó mú òmíràn láìwo àpò. Ó kun ìpara. Ó ti ìlédìí sábẹ́ rẹ̀, ó fi kùkùté tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn, ó lẹ ọ̀tún, ó lẹ òsì. Ó fi ìka wò ó bóyá ó le jù. Ó wọ aṣọ mìíràn fún un.

Ó sọ fún wa lẹ́nu iṣẹ́ pé, "Gbogbo ìgbà tí mo fi wà nídìí tábìlì, ọwọ́ mi tó kù yìí, ẹ̀rù ló ń lo ìlàjì ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo tó rí gbogbo ẹ̀ lò."

Nígbà tó gbójú sókè, obìnrin tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ dúró tì í, ó gbé ọmọ tiẹ̀ dání, òórùn sì ti ń jáde lára ìyẹn náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀." Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fùláwà, ó na ẹsẹ̀. Fùláwà ti àpò sáàárín wọn, ó ní kó mú bébà tútù tó bá fẹ́.

Wọ́n pe nọ́ńbà wọn. Ọmọ gba abẹ́rẹ́, ó ké bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù. Bí wọ́n ṣe wọlé, Màmá bọ́ ìborùn, ó lọ dúró síwájú tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn nǹkan orí pẹpẹ sílẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ṣé orí tábìlì lẹ ṣì fẹ́ máa ṣe é ni?"

"Rárá."

"Ẹ wá bá mi gbé ẹní, kẹ́ ẹ sì fi ibi tí ẹ máa fẹ̀yìn tì hàn mí."

Wọ́n jiyàn lé e lórí dáadáa. Màmá fẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, Fùláwà ní afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Màmá fẹ́ to ìpara ṣáájú, ó ní ìpara ló ṣe pàtàkì jù. Fùláwà ní ìpara kì í ṣáájú bébà. "Mo tọ́ ọmọ mẹ́rin," ni Màmá wí. "Ọwọ́ méjì lẹ fi tọ́ wọn," ni Fùláwà wí. Màmá sún ìpara sẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ìyàwó dé láti ibùdókọ̀, ó bá wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ láàárín, gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ ti dé ibi tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti lè tó o. Aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀ ni wọ́n wá ń kó sórí tábìlì. Káfíńtà gbọ́, ó bínú díẹ̀. Fùláwà gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ bẹ̀ ẹ́.

Màmá ò dúró parí ọ̀sẹ̀ náà. Ó ní àwọn òdòdó òun nílò omi. Lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọmọ, ó fẹnu kò ó lórí, ó gbé e padà sínú aṣọ ìgbọ́mọ láyà bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tún ọrùn aṣọ náà ṣe fún un. "Bàbá Ọmọ," ló pè é, "ẹ máa fi ìpara sí ibi tí itan rẹ̀ ti ṣẹ́ po o. Ibẹ̀ lẹ máa ń gbàgbé." Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Mo yà sọ́dọ̀ wọn láìpẹ́ yìí. Ọmọ ti ń rá, ó sì ti mọ̀ pé tí wọ́n bá tẹ́ ẹní, àsìkò àtisá lọ ti tó. Lójú mi kòrókòró, ìlédìí lẹ̀ lọ́tùn-ún, kò tíì lẹ̀ lósì, ọmọ ti yí, ó ti yọ́ gba orí itan bàbá rẹ̀, ó ti wọ abẹ́ àga. Fùláwà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga.

"Ìyá mi, ẹ jáde wá. Apá kan ṣoṣo ló kù."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó tún wọlé sí i. Fùláwà yíjú sí mi, kò jọ pé ó dá ara rẹ̀ lójú. Ó ní, "Gba ẹ̀yìn àga lọ. Má fọwọ́ kàn án o. Ṣáà dúró síbẹ̀ kó má baà rọ́nà jáde."

Mo gba ẹ̀yìn lọ. Mo dúró síbẹ̀.